Àfọ́kù bọ́ǹbù Amẹ́ríkà já sí Ọ̀fà: ta ló ń bá wa sọ̀rọ̀?

1/
Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Amẹ́ríkà àti Abuja nìkan. Ti Amẹ́ríkà àti àwa ará Kwárà ni.

2/
Ní alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì 2025, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ibùba àwọn agbésùnmọ̀mí ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Trump fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ lórí ìkànnì rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi ń wá láti Ọ̀fà pé irin já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ọ̀fà tiwa níbí o, Ọ̀fà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ìjọba àpapọ̀ ò kúkú jiyàn. Mínísítà ètò ìròyìn sọ pé àfọ́kù ohun ìjà náà já sí Jábo ní Sókótó, ó sì já sí Ọ̀fà, nítòsí òtẹ́ẹ̀lì kan. Ó ní kò pa ará ìlú kankan.

3/
Ẹ fi ojú inú wo máàpù Nàìjíríà ná. Sókótó wà lókè pátápátá, níbi tí ilẹ̀ wa ti fẹ́ parí. Ọ̀fà wà níbí, kò jìnnà sí Ìlọrin. Ìjọba ní láti ojú òkun ni wọ́n ti yin ohun ìjà yẹn. Kó tó dé Sókótó, ó gbọ́dọ̀ gba orí àwọn ẹlòmíì kọjá. Àwa ni ẹlòmíì yẹn. Ọ̀rọ̀ tí a rò pé àwọn olóṣèlú Washington ló ń bá ara wọn jà lé lórí, orí òrùlé wa ló gbà kọjá.

4/
Ohun tó wá dùn mí jù nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó béèrè pé "ṣé àlàáfíà làwọn ará Ọ̀fà wà?" nínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wa. Apá kan ń kọ "Daddy Trump, ẹ kú iṣẹ́." Apá kejì ń kọ "ogun ẹ̀sìn ti dé, wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ wa." Àwọn tá a jọ jẹ gààrí nínú ike kan náà ní sẹ́kọ́ńdírì ń bú ìyá ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé ádímíìnì ti gúrúùpù pa fún odidi ọjọ́ mẹ́ta.

5/
Mo ti ń ro ó láti ìgbà yẹn. Ibi tí mo dúró nìyí, kí ẹ má baà sọ pé mò ń yí bìrí: pé Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ nípa wa kọ́ ni wàhálà tó tóbi jù. Orílẹ̀-èdè ńlá á máa sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíì, ẹnu wọn ò lè sinmi. Wàhálà wa ni pé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń gbẹnu sọ fún wa. Ìtàn tó wà lọ́wọ́ wọn, ààbọ̀ ni. Ààbọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ wa ní Kwárà níbí.

6/
Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà ní òfin kan láti 1998 lórí òmìnira ẹ̀sìn kárí ayé. Abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n ti máa ń kọ orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ní wọ́n ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀sìn, tàbí tí wọ́n ń wòran nígbà tí ẹlòmíì ń ṣe é. CPC ni wọ́n ń pe ìwé orúkọ yẹn. Ìjọba Trump àkọ́kọ́ fi orúkọ Nàìjíríà sí i ní ìparí 2020. Ìjọba Biden yọ ọ́ ní oṣù kọkànlá 2021. Trump tún dá a padà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2025.

7/
Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀. Láàárín 2020 sí 2025, ṣé ìpànìyàn dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n yọ wá? Rárá o. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá wa padà? Rárá o. Ẹni tó wà lórí àga ní Washington ló yí padà. Torí náà, ẹni tó bá ń fi ìwé yẹn díwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nílé wa, òṣùwọ̀n tó mú dání kò tọ́.

8/
Ní ọjọ́ kejì tó dá wa padà, Trump sọ pé òun á dá gbogbo ìrànlọ́wọ́ dúró, pé ọmọ ogun òun lè wọlé wá. Ààrẹ Tinubu fèsì pé orílẹ̀-èdè tó ń gba ẹ̀sìn ara ẹni láyè ni wá. Lórí ìkànnì, àwa náà pín sí méjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ kìíní sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn tó ń sọ pé irọ́ pọ́ńbélé ni, pé kò sẹ́ni tó ń pa Kìrìsìtẹ́nì.

9/
Mùsùlùmí ni mí. Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ìjọ CAC ní Èrúkù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti, ìpínlẹ̀ Kwárà. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ń ṣe é láàfù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa la rí fídíò yẹn. A rí àwọn tó ń sá lọ sábẹ́ àga. A gbọ́ ìbọn. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó 38 lọ. Ọjọ́ 23 ni wọ́n tó rí wọn gbà padà.

10/
Ẹni tó bá rí fídíò yẹn, tó tún ń kọ "propaganda ni", kí ló fẹ́ kí ìyá tó wà lábẹ́ àga yẹn ṣe? Àǹtí mi kan, ìyàwó àbúrò bàbá mi tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́rin ní Tánkẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Láti ọjọ́ Èrúkù ni wọn ò ti lọ sí ìsìn alẹ́ mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, etí mi ò sí lọ́dọ̀ pásítọ̀ mọ́, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò." Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa?

11/
Ó yá, ó kan ẹgbẹ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ni wọ́n ń pa, pé gbogbo Mùsùlùmí ló mọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 2026, àwọn apànìyàn wọ Woro, ní Kaiama, ìpínlẹ̀ Kwárà yìí kan náà. Gómìnà kọ́kọ́ sọ pé èèyàn 75 ló kú. Ẹni tó gbẹnu sọ fún Red Cross ní ìpínlẹ̀ wa ní 162. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ìjọba sọ ni pé wọ́n kọ̀ láti tẹ̀lé ìwàásù burúkú táwọn apànìyàn yẹn gbé wá bá wọn.

12/
Ẹ tún un kà. Àwọn Mùsùlùmí abúlé sọ pé "ẹ̀sìn tí ẹ gbé wá yìí kì í ṣe tiwa." Ìyẹn ni wọ́n fi pa wọ́n. Tí a bá ń wá ẹni tó kú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ará Woro wà níwájú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ ka àríyànjiyàn àwọn olóṣèlú Amẹ́ríkà lórí wa, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa rí orúkọ Woro.

13/
Láti Èrúkù sí Woro, kò pé oṣù mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ kan náà. Gómìnà kan náà. Ìkan nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìkan ní abúlé Mùsùlùmí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, Kwárà nìkan tó o kọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mi ò bínú sí àlejò. Onílé tó mọ ilé, tó dákẹ́, òun ni mò ń bínú sí.

14/
Ẹ̀yin "Daddy Trump", mi ò tíì parí pẹ̀lú yín. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́, ká fi ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 2025, ọjọ́ kan péré kó tó kọ orúkọ wa sínú CPC, ìjọba rẹ̀ gbé iye àwọn tó ń sá àsálà tí Amẹ́ríkà máa gbà lọ́dún náà jáde: 7,500, nígbà tí iye tọdún tó ṣáájú jẹ́ 125,000. Wọ́n ní àwọn òyìnbó South Africa ni yóò pọ̀ jù nínú wọn. Kìrìsìtẹ́nì Nàìjíríà tí wọ́n ń sunkún fún ńkọ́? Ẹ̀yìn ìlà.

15/
Ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú bọ́ǹbù Sókótó, Trump fọwọ́ sí ìwé tó dín físà àwọn ọmọ Nàìjíríà kù láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026. Físà àbẹ̀wò, físà akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló kàn. Ẹ bi àwọn ọmọ Unilorin tó ti gba admission síbẹ̀. Ìwé yẹn ò béèrè bóyá o ń ka Bíbélì tàbí Kùránì. Pásítọ̀ àti Alfa, ẹnu ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n tì mọ́ wọn lójú.

16/
Kí a tó dé ibẹ̀ rárá, ó ti dá USAID dúró láti oṣù kìíní 2025. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tì í pa pátápátá. Oògùn ibà, oògùn HIV, oúnjẹ ọmọ tí ebi ti hàn léèmọ̀ ní àríwá, púpọ̀ nínú wọn gba ọ̀nà yẹn wá. Ọmọ tó kú torí oògùn ò dé, a ò lè ṣe fídíò rẹ̀ kó lọ fáírà. Ṣùgbọ́n òkú ni òkú ń jẹ́.

17/
Mi ò sọ pé Trump kórìíra wa. Mi ò sì sọ pé ó fẹ́ràn wa. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ò sí níbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí nìyẹn. Orílẹ̀-èdè kì í ní ọkàn, èrè ló ní. Àwọn ìjọ ajíhìnrere tó ń dìbò fún un nílé fẹ́ gbọ́ pé ó ń gbèjà Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ òkèèrè. Ìyẹn èrè kìíní.

18/
Èrè kejì: lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án 2024, gbogbo wọn ti kó kúrò, títí kan ibùdó dúróònù ńlá tí wọ́n kọ́ sí Agadez. Ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ gbogbo apá ibí yìí fọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n nílò ẹlòmíì tí wọ́n á dúró sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló wà ní ìsàlẹ̀ Niger? Àwa náà ni.

19/
Níbi tí èrè bá ti wà, ìdúnàádúrà wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òǹrajà nílò ọjà òun kì í kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ò ní nǹkan lórí àtẹ. Ẹ bi àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba bóyá irọ́ ni mo pa. Ṣùgbọ́n ta ni a rán lọ síbi ìdúnàádúrà yẹn?

20/
Kò sẹ́ni kankan. Mi ò ṣàwàdà o. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Ààrẹ Tinubu pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo aṣojú Nàìjíríà lókè òkun padà wálé. Ọdún kan kọjá, kò rán ẹlòmíì. Ọdún kejì kọjá. Nígbà tí Trump ń sọ̀rọ̀ ìbọn ní oṣù kọkànlá 2025, Nàìjíríà ò ní aṣojú àgbà kankan ní Washington. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ní ilé iṣẹ́ aṣojú ń ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti sẹ́nátọ̀ tó ń kọ òfin lé wa lórí?

21/
Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lẹ́yìn tí iná ti jó dé ìbàdí ni wọ́n wá ń sáré. Ribadu kó ikọ̀ lọ sí Washington nínú oṣù kọkànlá yẹn. Lópin oṣù yẹn kan náà, orúkọ aṣojú mẹ́ta dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà, lẹ́yìn náà 32 mìíràn. Ohun tí a ò rí ṣe fún ọdún méjì, ìhàlẹ̀ Trump mú kó ṣeé ṣe láàárín oṣù kan. Ojú ò tì wá?

22/
Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ la ṣe wà látilẹ̀. Ní oṣù kìíní 1976, Ààrẹ Ford ti Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ Angola, ó fẹ́ sọ ẹni tí wọ́n máa tì lẹ́yìn fún wọn. Murtala Muhammed dìde ní Addis Ababa, ó sì sọ lójú ayé pé Áfíríkà ti dàgbà, a ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, nígbà tí Kissinger fẹ́ wá, Nàìjíríà ní kó jókòó sílé rẹ̀.

23/
Ṣé Amẹ́ríkà bínú títí láé? Rárá. Ní ọdún 1978, Ààrẹ Carter fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Èkó. Epo wa ló ń wá, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún wá gbọ́ ohun tí a ní sọ lórí Rhodesia àti South Africa. Mi ò ní ká padà sí ìjọba ológun o, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé a mọ ohun tí a fẹ́ nígbà yẹn, a sì ní ẹni tó ń sọ ọ́.

24/
Ẹnì kan á ní, "Ṣé aṣojú kan lè dá Trump dúró? South Africa ní aṣojú, wọ́n lé e kúrò ní oṣù kẹta 2025." Òótọ́ ni, ìbéèrè gidi nìyẹn. Aṣojú kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ramaphosa ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Nígbà tó ń lọ sí White House lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń pa òyìnbó run, ó mú àwọn òyìnbó South Africa dání lọ, títí kan àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù tí Trump mọ̀ dáadáa. Trump ò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé gbọ́ ẹnu àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

25/
Tiwa ńkọ́? Ẹ ro ó wò ná. Ká ní ìyá kan láti Èrúkù àti bàbá kan láti Woro jókòó ti ara wọn níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìyá ní, "Wọ́n wọlé bá wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì." Bàbá ní, "Wọ́n pa àwọn èèyàn mi torí a kọ ìwàásù wọn." Ìgbìmọ̀ wo ló máa gbọ́ ìyẹn tán, tó ṣì máa sọ pé ogun Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni? Ìjọba wo ló sì máa gbọ́ ìyẹn tán, tó ṣì máa sọ pé kò sí nǹkan kan?

26/
Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti bọ́ǹbù gan-an. Láti alẹ́ Kérésìmesì dé ọjọ́ Woro, ogójì ọjọ́ ló jẹ́. Àwa tí à ń ṣe àdúà ogójì ọjọ́ fún òkú mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe tètè ń pé. Mi ò sọ pé bọ́ǹbù Sókótó ló fa Woro. Ohun tí mò ń sọ ni pé bọ́ǹbù Sókótó ò dáàbò bo Woro. Abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, tí sójà ò sí nítòsí, tí ọ̀nà ò dáa, kò sí ohun tí irin tó gba ojú ọ̀run kọjá lè ṣe fún un.

27/
Tí ẹ bá sì ti dàgbà tó láti rántí 2014, ẹ rántí Chibok. Ọmọbìnrin 276. Ìyàwó Obama gbé káàdì dání, gbogbo ayé ń kọ háṣítáàgì, Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfuurufú ṣàwárí wọn. Títí di òní, kì í ṣe gbogbo wọn ló padà sílé. Àánú àlejò dára, ó sì ń lọ bí àlejò bá ń lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

28/
Kí la wá fẹ́? Mi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa ráhùn lásán, torí náà mo kọ mẹ́rin sílẹ̀. Ìkíní: kí ìjọba Kwárà kọ orúkọ àwọn tó kú ní Èrúkù, ní Woro, níbi gbogbo, kó sì gbé e síta. Nígbà tí gómìnà bá ń sọ 75, tí Red Cross ń sọ 162, ẹnikẹ́ni ní Washington lè mú iye tó bá wù ú. Òkú tí a ò kà, ẹlòmíì á bá wa kà á bó ṣe fẹ́.

29/
Ìkejì: kí aṣojú tí wọ́n bá rán lọ sí Amẹ́ríkà kó àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn dání, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, bí mo ṣe sọ lókè. Kì í ṣe àwọn tó ń gba owó láti sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. A rò pé tí a bá jẹ́wọ́ àìsàn wa, a tijú nìyẹn. Aláìsàn tó purọ́ fún dókítà, oògùn ẹlòmíì ni wọ́n máa fún un mu.

30/
Ìkẹta: kí ìjọba sọ ohun tó bá Amẹ́ríkà ṣàdéhùn fún àwọn aṣòfin, kí àwa náà sì mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, òfin kan wà láti 1973 pé tí ààrẹ bá rán ọmọ ogun lọ jà, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣòfin láàárín wákàtí 48. Ìdí nìyẹn tí àwọn aṣòfin wọn fi ń bá a jiyàn. Wọ́n ń jiyàn lórí ọ̀run wa, àwa tó ni ọ̀run ò mọ nǹkan kan. Ìjọba ní àwọn fọwọ́ sí i, pé àwọn ló fún Amẹ́ríkà ní ìròyìn abẹ́nú. Ó dáa. Kí ló wà nínú àdéhùn náà? Tí àfọ́kù bá tún já, tó sì pa ẹnì kan, ta ló máa san owó ìtanràn? Ará Ọ̀fà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

31/
Ìkẹrin: Kaiama, Baruten, Èrúkù, Pàtígì, gbogbo eteetí ìpínlẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ JNIM tó ti ń da Mali àti Burkina Faso láàmú sọ ní oṣù kẹwàá 2025 pé àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ wọn ní Nàìjíríà. Ibo ni wọ́n dárúkọ? Kwárà. Igbó tó so wa pọ̀ mọ́ Benin Republic ò mọ ààlà. Aṣojú ní Washington nìkan ò tó, a nílò ọ̀rẹ́ gidi ní Cotonou. Wọ́n kó bàtálíọ̀nù kan wá sí Kaiama lẹ́yìn Woro. Lẹ́yìn Woro. Ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ kú kí a tó mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀?

32/
Ó wá ku àwa náà, àwa tí à ń tẹ fóònù. Ìlọrin ni mo ti wá. Ilé tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Alfa, tí àbúrò jẹ́ díákónì, kì í ṣe ìtàn fún wa, àdúgbò wa ni. Ṣùgbọ́n a ò mọ́ o. Ní 2021, nígbà ọ̀rọ̀ híjáàbù nílé ìwé, a rí bí òkò ṣe ń fò nígboro. Ọjọ́ kan péré ló gbà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé fídíò ọdún mẹ́fà sẹ́yìn jáde bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀, ògiri yẹn lẹ̀ ń gbẹ́.

33/
Tí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Trump, ẹ dúpẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ bú u, ẹ bú u, òun náà kúkú ń bú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ará Èrúkù bú ará Woro, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ará Woro pa ará Èrúkù lẹ́nu mọ́. Olóṣèlú Amẹ́ríkà ló ní ìdìbò tó fẹ́ wọlé nínú rẹ̀. Àwa, ilé la fẹ́ máa gbé.

34/
Nígbà tí ádímíìnì tún ṣí gúrúùpù wa lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ wa kan tó ń gbé Ọ̀fà kọ ọ́ pé: "A wà láàyè o. Kò sẹ́ni tó béèrè, àmọ́ a wà láàyè." Ojú tì mí gan-an. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní DM. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá kọ èyí.

35/
Tí ẹ bá ní ará ní Ọ̀fà, ní Èrúkù tàbí ní Kaiama, ẹ pè wọ́n lálẹ́ òní kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi jà. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà wá ká jọ jiyàn. Ire o.